Iná Ilé àti Epo Pẹtiróòlù: Èwo Ló Dínwó fún Ọkọ̀ Wa?

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi àpéjọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ẹ̀gbẹ̀)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná dípò epo. Nítorí àwọn tí kò sí ní ìpàdé tó kọjá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe délẹ̀. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra bọ́ọ̀sì kékeré kan fún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan tó wà lókè òkun ní kí a má ra elépo mọ́, kí a ra oníná, nítorí pé owó tí wọ́n fi ń gbé tiwọn rìn kò tó nǹkan. Àwọn ará ilé fèsì pé, "Iná wo? Iná tí a fẹ́ fi lọ aṣọ gan-an, à ń dúró dè é ni." Ọ̀rọ̀ fẹ́ di iyàn. Ni wọ́n bá ní kí èmi tí mo fi physics jẹun bá ẹgbẹ́ ṣírò rẹ̀.

Mi ò wá polówó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbí. Ọkọ̀ oníná kì í dínwó fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọ́n fúnra rẹ̀. Ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá, àti bí ìrìn tí ẹ ń fi í rìn ṣe pọ̀ tó, ni yóò sọ bóyá ẹ jèrè tàbí ẹ pàdánù. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà kó tó yanjú ọ̀rọ̀ iná, ilé-epo náà ni yóò tún padà sí, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́.

ÒṢÙWỌ̀N TÍ A Ó LÒ

Ẹ jẹ́ ká fi 100 kìlómítà ṣe òṣùwọ̀n. Láti ibí yìí dé Ìlọrin lé ní 100 kìlómítà, nítorí náà gbogbo wa mọ bó ṣe gùn tó.

Ẹ mú ọkọ̀ kékeré bíi Toyota Corolla. Lójú ọ̀nà tiwa, ẹ fún un ní lítà 8 fún 100 kìlómítà. Ti ẹlòmíràn lè jẹ 7, ti ẹni tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ ti dọ̀tí lè jẹ 10. 8 ni àwa ó mú.

Ọkọ̀ oníná kì í ka lítà. Yúnìtì ló ń kà, yúnìtì kan náà tí ẹ ń ra káàdì rẹ̀ sínú mítà ilé yín. Ọkọ̀ oníná tí kò tóbi ń jẹ bí yúnìtì 16 fún 100 kìlómítà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń rọ iná sínú bátìrì, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di ooru dànù, bí ìgbà tí ẹ bá ń rọ epo pupa láti inú garawa sínú ìgò. Nítorí náà ẹ fi 2 lé e. Yúnìtì 18 ni mítà yóò kà.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló fa ìyàtọ̀ náà. Agbára tó wà nínú lítà pẹtiróòlù kan tó bíi yúnìtì 9. Lítà 8 nìyẹn, yúnìtì 72. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń jẹ 72 níbi tí èkejì ti ń jẹ 18? Ẹ gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti Kàbbà dé, ẹ ó rí ìdáhùn. Ooru ni. Nínú ìdá mẹ́rin agbára epo, bí ìdá mẹ́ta ló ń gba ojú radiétọ̀ àti ẹ́sọ́ọ̀sì lọ. Ẹ ò ní gbàgbé ohun tí wọ́n máa ń kọ sí pátákó fún wa: agbára kì í parun, ó kàn ń pa àwọ̀ dà ni. Epo tí ẹ rà kò parun lóòótọ́, ó kàn ń gbóná sí afẹ́fẹ́ lọ ni.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ FI DÌDE NÍSINSÌNYÍ?

Ọkọ̀ oníná kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1900, nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin tó jẹ́ oníná. Ní 1908, ọdún kan náà tí Tommie Titcombe dé ilẹ̀ Ìyàgbà wa yìí, ni Henry Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ta Model T rẹ̀ tó lo epo. Epo pọ̀, kò wọ́n. Nígbà tó sì di 1912 tí wọ́n fi ohun tó ń sí ẹ́ńjìnnì láìlo ọwọ́ sínú ọkọ̀ epo, oníná kógbá sílé díẹ̀díẹ̀. Iye owó epo wà lára ohun tó lé e lọ. Iye owó epo náà ló tún ń dá a padà.

Ẹ wo tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, lítà kan wà ní bíi ₦190 ní àwọn ilé-epo tó ń tẹ̀lé iye ìjọba. Lítà 8 jẹ́ ₦1,520. Ní àkókò náà, yúnìtì iná kan fún àwọn tó ń rí iná dáadáa tó bíi ₦68. Yúnìtì 18 jẹ́ ₦1,224. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn kò tó ₦300. Ta ló máa tìtorí ₦300 ra ọkọ̀ mìíràn?

Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, lọ́jọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, epo ti dé bíi ₦500. Ní oṣù keje ọdún náà, ó di ₦617. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ó kọjá ₦850. Ní oṣù kẹwàá, ó wọ ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Láti ìgbà náà ló ti ń gòkè tó ń sọ̀ bí agbẹ̀mu. Kí ìṣirò lè rọrùn, ₦1,000 ni mo fẹ́ lò. Ẹ̀yin ẹ fi iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ka ìwé yìí rọ́pò rẹ̀.

Iná náà kò dúró sójú kan. Àjọ NERC tó ń ṣètò iná mànàmáná ti pín àwa oníbàárà sí Band A, B, C, D àti E. Ẹni tó wà ní A, ìlérí rẹ̀ ni wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. B jẹ́ 16, C jẹ́ 12, D jẹ́ 8, E jẹ́ 4. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó Band A láti bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ díẹ̀ sí nǹkan bíi ₦209. Nígbà náà wọn kò fọwọ́ kan owó àwọn Band yòókù, tí kò pé ₦70. A ó lo ₦210 fún Band A, ₦70 fún àwọn yòókù.

ÌṢIRÒ NÁÀ NÌYÍ

Fún 100 kìlómítà:

1. Ọkọ̀ epo: lítà 8 ní ₦1,000 = ₦8,000.
2. Ọkọ̀ oníná, iná Band A: yúnìtì 18 ní ₦210 = ₦3,780.
3. Ọkọ̀ oníná, iná Band tó wà nísàlẹ̀: yúnìtì 18 ní ₦70 = ₦1,260.
4. Ọkọ̀ oníná, iná jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù: lítà kan ń mú bí yúnìtì 2 wá. Yúnìtì 18 nílò lítà 9 = ₦9,000.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìlà kẹrin kà. Ẹni tó bá fi jẹnẹrétọ̀ gba iná fún ọkọ̀ oníná rẹ̀, epo tó ń jó ju ti ẹni tó ń wa Corolla lọ. A ò tíì ka ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, a ò tíì ka èéfín tí àwọn ará àdúgbò yóò máa fà símú ní gbogbo òru. Ẹ́ńjìnnì náà ni ẹ sáà ń lò. Ẹ kàn gbé e kúrò nínú ọkọ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé ni.

INÁ TÍ KÒ WÁ KÒ NÍ IYE OWÓ

Ìlà kẹta ló dùn jù létí, àbí? ₦1,260 dípò ₦8,000! Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa lásán, bí a kò bá fẹ́ kó yọ́, ń gbé bí yúnìtì 2 ní wákàtí kan. Yúnìtì 18 yóò gba wákàtí 9. Ẹni tó wà ní Band A, bó bá fi í sí i ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ti parí ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹni tó wà ní Band E, tí wákàtí 4 náà bá pé, yúnìtì 8 ni yóò rí, ìrìn bíi 44 kìlómítà. Ìyẹn tí wákàtí náà bá pé o! Bó bá jẹ́ áàfù kọ́rẹ́ǹtì ló wá, tí gílóòbù ń pọ́n bí ojú ológbò, iná tó ń wọ bátìrì yóò dín sí i. Bó bá sì jẹ́ aago kan òru ló dé, ẹ ó ní láti jí, tàbí kí ẹ fi wáyà sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Wákàtí 4 yẹn kan náà ni fíríìjì ń dúró dè, òun ni ẹ̀rọ tó ń fa omi ń dúró dè, òun ni áyọ́ọ̀nù ń dúró dè.

Ẹ rí i pé iná tó dínwó jù ni kì í sábà sí nílé, èyí tó sì máa ń wà nílé ló wọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀yin ará Àbújá àti Èkó tí ẹ wà ní Band A, ₦3,780 yín ò tíì tó ìdajì ₦8,000. Òótọ́ lẹ̀ ń sọ nígbà tí ẹ sọ pé ó dínwó. Àwọn ará ilé náà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Iná tí kálukú ń rí ló yàtọ̀.

ÀWỌN ARÁ ÒKÈ ÒKUN ŃKỌ́?

Kí ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká lo owó ìlú Ọba bó ṣe wà ní 2024 sí 2025. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, ń san bíi pẹ́ńsì 25 fún yúnìtì kan. Yúnìtì 18 jẹ́ £4.50. Bó bá forúkọ sílẹ̀ fún owó òru tó dínkù, ó lè rí i ní bíi pẹ́ńsì 7, ìyẹn £1.26. Lítà pẹtiróòlù wà ní nǹkan bíi £1.40, lítà 8 jẹ́ £11.20. Ta ló máa rí irú èyí tí kò ní pariwo rẹ̀ fún wa?

Ṣùgbọ́n ẹlẹgbẹ́ wa kan náà tó ń gbé ní fúláàtì òkè kẹta ní Peckham, tí kò ní ibi tó máa gba wáyà kọjá, ojú títì ni yóò ti lọ gba iná. Iná ojú títì tó ń yára lè tó pẹ́ńsì 75 fún yúnìtì. Yúnìtì 18 di £13.50, ó ti ju epo lọ. Owó orí tí ìjọba ń gbà nígbà náà lórí iná ilé jẹ́ 5%, ti ojú títì jẹ́ 20%. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọkọ̀ oníná tí kò bá rí iná nílé, ìta yóò fìyà jẹ olówó rẹ̀, ì báà jẹ́ ní London, ì báà jẹ́ níbí.

TA NI YÓÒ JÈRÈ?

Àwọn àgbà ní àtigbéyàwó ò ṣòro, owó ọbẹ̀ ló le. Ọkọ̀ oníná yí òwe yìí padà. Owó ọbẹ̀ rẹ̀ kéré, owó orí rẹ̀ ló pọ̀. Nígbà tí Stallion gbé Hyundai Kona oníná jáde ní Nàìjíríà ní nǹkan bíi 2020 sí 2021, iye tí wọ́n pè é tó ₦24 mílíọ̀nù. Bátìrì rẹ̀ gba yúnìtì 64. Ilé-iṣẹ́ ní yóò rin 482 kìlómítà. Pẹ̀lú ìṣirò tiwa, ẹ fi í sí 400.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ̀ oníná kan fi ₦10 mílíọ̀nù ju ọkọ̀ epo tó jọ ọ́ lọ. Ní Band A, ohun tí ẹ ń jèrè lórí 100 kìlómítà ni ₦8,000 dín ₦3,780, ìyẹn ₦4,220.

Bàbá kan ti fẹ̀yìn tì. Ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà, oko, ìsìnkú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: 500 kìlómítà lóṣù. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦21,100 lóṣù, ₦253,200 lọ́dún. Kó tó rí ₦10 mílíọ̀nù rẹ̀ padà, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 ọdún. Kí Ọlọ́run fún bàbá lẹ́mìí gígùn, ṣùgbọ́n kó má ra ọkọ̀ náà nítorí owó epo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ní Àbújá, 200 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ 25 lóṣù. 5,000 kìlómítà nìyẹn. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦211,000 lóṣù, ó lé ní ₦2.5 mílíọ̀nù lọ́dún. Kó tó pé ọdún 4, ọkọ̀ ti san ara rẹ̀, kò sì sí pé ó ń ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí plọ́ọ̀gì. Ẹni tó ń rìn jù ló ń jèrè jù. Àwa olówó wa kì í rìn tó awakọ̀ wa, síbẹ̀ àwa la kọ́kọ́ fẹ́ rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ ṣọ́ra. Nínú ọkọ̀ oníná, bátìrì ni ọjà. Àwọn Nissan Leaf ìgbà àkọ́kọ́ kò ní omi tó ń tu bátìrì lára. Ní nǹkan bíi 2012, àwọn tó ń lò ó ní Arizona ní Amẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń mú gan-an, rí i pé bátìrì wọn ń yára dínkù. Oòrùn tiwa ńkọ́? Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ bátìrì wò, kí wọ́n sọ iye tó kù nínú agbára rẹ̀.

Ẹ sì má fi ọkọ̀ náà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń pín fún amóhùnmáwòrán àti fáànù. Ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti ibi mítà, wáyà tó nípọn, bírékà tirẹ̀, àti wáyà tí a rì mọ́lẹ̀ dáadáa. Wákàtí 9 kì í ṣe ìgbà tí a fi ń sè omi tíì. Wáyà tínínrín yóò gbóná títí yóò fi yọ́.

Ọ̀KADÀ LÓ YẸ KÁ KỌ́KỌ́ WÒ

Ẹ kọjá sí ẹnu ibodè díẹ̀, sí àwọn ìbátan wa ní ilẹ̀ Benin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo tí wọ́n ń gbé gba ibodè kọjá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní kpayo, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, ló ń gbé àwọn ọlọ́kadà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu rìn. Nígbà tí owó epo tiwa fò sókè ní 2023, kpayo náà fò tẹ̀lé e. Ní àwọn ìgbà yẹn náà ni alùpùpù oníná ti ilé-iṣẹ́ Spiro, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ M Auto tẹ́lẹ̀, ń gbilẹ̀ ní Benin àti Togo. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé ọlọ́kadà kì í jókòó de iná. Bí bátìrì bá fẹ́ tán, yóò yà sí ibùdó, yóò yọ èyí tó ṣófo, yóò gba èyí tó kún, yóò sanwó, yóò sì máa lọ. Bátìrì tó wọ́n jù kì í ṣe ẹrù tirẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọ̀kadà elépo ń jẹ bíi lítà 2 àbọ̀ fún 100 kìlómítà, ₦2,500. Oníná ń jẹ bí yúnìtì 4, ₦840 ní Band A, ₦280 ní ìsàlẹ̀. Wákàtí 4 iná Band E yẹn, tí kò tó ọkọ̀ kékeré, yóò kún bátìrì ọ̀kadà dáadáa.

OÒRÙN

Iná ìjọba nìkan kọ́ ni iná. Páànẹ́lì sólà kan tó jẹ́ 550 wáàtì, ní ilẹ̀ tiwa, ń mú bí yúnìtì 2 wá lójúmọ́. Nígbà òjò yóò dínkù, nígbà ọyẹ́ eruku yóò bò ó tí ẹ kò bá nù ún. Méjì tó fún ọ̀kadà tó ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́. Ọkọ̀ kékeré tó ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́ nílò 9.

Àwọn kan ti ṣe é ṣáájú wa. Ní 2021, àjọ NADDC ṣí ibùdó kan ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó, níbi tí ọkọ̀ ti ń gba iná láti ọ̀dọ̀ oòrùn. Ní ọdún náà gan-an, Máídúgùri wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí àwọn oníjàgídíjàgan tó wó òpó iná. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mustapha Gajibo, ti ń yọ ẹ́ńjìnnì epo kúrò nínú bọ́ọ̀sì kékeré, tó ń fi mọ́tò iná àti bátìrì sí i, tó sì ń fi sólà gba iná fún wọn. Kò dúró de òpó iná.

Ìṣòro kan wà. Ọ̀sán ni oòrùn ń ràn. Ọ̀sán náà ni ọkọ̀ tíṣà ń dúró sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ọkọ̀ nọ́ọ̀sì ń dúró sí ọsibítù. Páànẹ́lì tó wà lórí òrùlé ilé ẹni kò ní rí ọkọ̀ náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àfi tí ẹ bá tún ra bátìrì mìíràn tó máa pa iná ọ̀sán mọ́ di alẹ́. Ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí lọ́sàn-án ló yẹ kí páànẹ́lì wà.

BỌ́Ọ̀SÌ TIWA

Ó wá kan ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bọ́ọ̀sì náà yóò rin 50 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ 22 lóṣù. 1,100 kìlómítà nìyẹn. Bọ́ọ̀sì epo tó ń jẹ lítà 13 fún 100 kìlómítà yóò mu lítà 143, ₦143,000 lóṣù. Ta ni yóò máa san án? Gbogbo wa la mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀bùn tí kò ní owó ọbẹ̀. Ọdún kìíní, à ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Ọdún kejì, wọ́n ń wa owó epo. Ọdún kẹta, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì oníná kékeré ń jẹ bí ìlọ́po méjì ọkọ̀ kékeré, ẹ fi í sí yúnìtì 36 fún 100 kìlómítà. 50 kìlómítà jẹ́ yúnìtì 18 lójúmọ́. Páànẹ́lì 9 ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, ẹ fi í sí 12 nítorí òjò. Lẹ́yìn tó bá ti kó àwọn ọmọ dé láàárọ̀, inú ọgbà ló máa ń dúró sí títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Àkókò tí oòrùn ń ràn gan-an ni. Ní ti èyí, bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ yẹ fún sólà ju ọkọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa lọ.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi sí ẹgbẹ́ jẹ́ mẹ́rin.

Ìkínní, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ physics ní SS2 máa kọ wákàtí tí iná ń wá àti ìgbà tó ń lọ sílẹ̀ fún táàmù kan gbáko. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni, kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Àwa yóò sì dẹ́kun iyàn.

Ìkejì, kí owó tí ẹ kọ́kọ́ dá lọ sí páànẹ́lì lórí òrùlé láàbù. Bí bọ́ọ̀sì oníná kò bá tiẹ̀ dé láéláé, páànẹ́lì yóò tan iná láàbù, yóò gbé kọ̀ǹpútà, yóò fa omi kànga. Bọ́ọ̀sì tí kò ní iná kò lè ṣe ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Ìkẹta, kí a ra ọ̀kadà oníná kan fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, kí a lò ó fún ọdún kan. Àwọn mẹkáníìkì àti oníwáyà wa níbí yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí kò bá ní ẹni tó lè tún un ṣe ní Ẹ̀gbẹ̀, ẹ má rà á wá sí Ẹ̀gbẹ̀.

Ìkẹrin, bí àwọn ọmọ bá nílò ọkọ̀ lọ́dún yìí, kí a ra tòkunbọ̀ elépo tó kéré, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sì gba oṣù tí yóò máa san owó epo rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Nígbà tí àkọsílẹ̀ iná àti iṣẹ́ páànẹ́lì bá wà níwájú wa, a ó wá mọ ìgbà tó yẹ ká yí i padà.

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ má bínú pé a kò ní gba bọ́ọ̀sì yín lọ́wọ́ kan. Owó yẹn kan náà ni à ń bẹ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ fi ra oòrùn fún wa. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má fi àìsí iná lé ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, nítorí ₦143,000 lóṣù kì í ṣe owó tí ilé-ẹ̀kọ́ wa lè máa wá kiri títí ayé.

Ìbéèrè pọ̀, mo mọ̀. Mo wà níhìn-ín títí di ìgbà oúnjẹ, bírò àti ìwé wà lọ́wọ́ mi. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣírò tirẹ̀ mú iye kìlómítà tó ń rìn lóṣù àti Band tó wà wá.